Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́fà Inú Ike Kejì

Mo ti pa wọ́n tán kí n tó mọ̀ pé ọmọ ni wọ́n.

Inú ike ọ̀dà kejì ni mo ti rí wọn, lọ́jọ́ Ẹtì kan tí òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Wọ́n funfun bí ìrẹsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, wọn kò sì gùn tó ìrẹsì. Wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ewé jíjẹrà tí mo tẹ́ sínú ike náà. Mo gbé awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú, mo ka ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Mẹ́fà. Mo ka òmíràn. Mẹ́fà. Mo ka mẹ́wàá nínú wọn, kò sí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ní mẹ́fà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀ ni ìyá ọ̀kùn ká jọ sí, ó dúdú, ó ń dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tíì kà á dópin láìṣìnà. Mo wo ìyá, mo wo àwọn funfun wọ̀nyí, mo sì sọ fún ara mi pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ilé yìí. Kòkòrò ni wọ́n. Ẹyin ọ̀kùn ni wọ́n wá jẹ.

Mo gbọn ewé náà sínú agolo, mo da omi eérú lé wọn lórí. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́: "Kòkòrò funfun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà wọ inú ike kejì. Mo ti kó wọn dànù."

Àǹtí Tèmítọ́pẹ́ ló ni àwọn ọ̀kùn náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ rí i, ẹ̀yìn agboolé wa ní Bẹyẹrúnká ló ti ń tú abẹ́ ògiri amọ̀ tó ti wó, ó ń wá ọ̀kùn. Nígbà tó rí i pé wọ́n pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ní kí bàbá mi jọ̀ọ́ fún òun ní yàrá ẹnu ọ̀nà. Bí ó ṣe di ayálégbé wa nìyẹn. Àwọn ará ilé ń pè é ní Ìyá Ọ̀kùn, ó sì ń jẹ́ wọn lóhùn. Ike ọ̀dà mẹ́ta ló tò sábẹ́ fèrèsé rẹ̀, ilẹ̀ àti ewé jíjẹrà ló wà nínú wọn, ó sì ń kọ bí ara àwọn ọ̀kùn náà ṣe ń dàgbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí yóò fi gboyè. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ìṣẹ́yìn, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún èmi Àtọ́kẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní kí n máa wọ́n omi sí wọn, kí n má jẹ́ kí oòrùn pa wọ́n, kí n sì máa kọ ohunkóhun tí mo bá rí sílẹ̀.

Nígbà tó dé, ó ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìtẹ́ nǹkan kan.

"Àtọ́kẹ́, mélòó ni wọ́n?"

"Mi ò kà wọ́n tán, Àǹtí. Wọ́n á tó ogójì."

"Ogójì ọmọ," ló wí. "Oṣù méjì ni mo fi dúró dè wọ́n."

Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe máa jẹ́ ọmọ ọ̀kùn, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, tí ìyá wọn ní ẹsẹ̀ tó tó igba. Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé bí ọmọ ọ̀kùn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn ayé nìyẹn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́fà péré àti òrùka ara díẹ̀. Bí ó bá ti ń dàgbà ni yóò máa wọ inú ilẹ̀ lọ láti bọ́ awọ, tí yóò sì jẹ awọ náà. Ìgbà tó bá fi jáde, òrùka tuntun á ti yọ nítòsí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹsẹ̀ lára òrùka yẹn. Ó di ìgbà tó bá tún bọ́ awọ kí ẹsẹ̀ tó hù síbẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin, òrùka mìíràn tí kò lẹ́sẹ̀ á sì tún yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ti akọ tún yàtọ̀, pé bí ó bá kù díẹ̀ kó gbó, ẹsẹ̀ tó wà lórí òrùka keje á yí padà di nǹkan mìíràn tí kò ní fi rìn mọ́.

Mo lọ síbi tí mo da agolo náà sí lẹ́yìn ilé, bí ẹni pé mo lè rí wọn kó jọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára mi. Èmi àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, la jọ ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì nísàlẹ̀ òkè Màpó, ní Ọjà'ba. Bí oníbàárà bá béèrè òwú pupa, èmi á na òwú aláwọ̀ ewé sí i. Ìyá Àgbà bi mí bóyá ara mi kò yá. Mo sọ fún un pé mo pa ọmọ ọ̀kùn nítorí pé ẹsẹ̀ wọn kò jọ ti ìyá wọn. Ó wò mí pẹ́, ó ní ọ̀kùn ni, kì í ṣe ènìyàn, kí n yé ronú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn òwú tí mo ti tò tẹ́lẹ̀.

Orí bá mi ṣe é, ẹyin ike kẹta pa ní oṣù Keje. Àǹtí Tèmítọ́pẹ́ ní èmi ni kí n máa kà wọ́n, kí n lè fi ojú ara mi rí i. Mo sì rí i. Mo rí òrùka tuntun tó rọ̀ tó funfun, tí kò lẹ́sẹ̀ kankan. Mo rí ẹsẹ̀ tó hù síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ojú. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n jọ pa lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n ń jẹ ewé kan náà, iye òrùka wọn kò dọ́gba. Ọ̀kan ní mẹ́rìndínlógún, èkejì ní méjìdínlógún. Mo rò pé mo ṣi í kà. Àǹtí Tèmítọ́pẹ́ ní mi ò ṣì í kà, pé bí wọ́n ṣe máa ń rí nìyẹn, pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń wá, àti pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ọmọ ọ̀kùn kò gbọdọ̀ fi iye ẹsẹ̀ nìkan mọ̀ ọ́n.

Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi, Zulaihat, bí ọmọ rẹ̀ obìnrin sílé Àkíbù ọkọ rẹ̀ ní Oníyanrìn.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan níbí. Ní ilé bàbá mi, Ìyá Àgbà ló máa ń wẹ ọmọ tuntun fún ọjọ́ méje àkọ́kọ́. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a dá sí i. Á ti ilẹ̀kùn, á gbé omi lọ́wọ́ọ́rọ́ wọlé, a kò ní rí ọmọ náà ní ìhòòhò títí tí ìwọ́ rẹ̀ á fi já. Gbogbo wa mọ̀ pé bí ó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, a sì gbà pé ìfẹ́ ló jẹ́. Nígbà tí Zulaihat bímọ, oríkèé ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà wú, kò lè rìn dé Oníyanrìn, kò sì lè gun ọ̀kadà. Ó sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọdé. Ó ní kí bàbá mi gbé òun pọ̀n. Bàbá mi, tó jẹ́ wẹ́dà, tí kì í sábà rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fi àna wa sílẹ̀ kó wẹ ọmọ ọmọ tirẹ̀.

Àna wa náà, ìyẹn Ìyá Àkíbù, wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú Zulaihat, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, àpótí aṣọ rẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Kò pariwo. Ó wọlé, ó kí wa, ó jókòó. Ó tú aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ náà, ó fa ọwọ́ òsì rẹ̀ yọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka tó kéré jù, ìka mìíràn wà níbẹ̀, kò tóbi ju ẹ̀wà kan lọ, ó sì ní èékánná.

"A kò lé e o," ni Ìyá Àkíbù wí. "Ẹ kàn bá wa bi í ibi tó ti rí èyí. Nílé tiwa, láti orí bàbá Àkíbù títí dé orí ẹni tó kéré jù, márùn-ún márùn-ún ni ìka wa. Ṣé ẹ̀yin ní Olúgbódi nílé yín ni?"

Bàbá mi ní rárá, kò sí ọlọ́wọ́ oníka mẹ́fà kankan nílé wa. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú.

Ìyá Àkíbù mi orí. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì lójúde àwọn, oníka mẹ́fà ni, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, Àkíbù sì ti lo oṣù méjì gbáko ní Ṣakí lórí ọkọ̀ tó ń wà nígbà tí oyún yìí dé. Ó ní lọ́jọ́ keje àwọn á padà wá gbọ́ àlàyé. Bí kò bá sí àlàyé, kò sí ẹnikẹ́ni láti ilé àwọn tí yóò wá sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ.

Zulaihat gba ọmọ rẹ̀, ó wé e padà. Omi ọmú ti rin bùbá rẹ̀ níwájú, kò nù ún. Nígbà tí àna wa lọ tán, mo bi í bóyá Àkíbù mọ̀ pé wọ́n gbé e wá sílé. Ó ní Àkíbù ló gbé àpótí náà sórí ọ̀kadà. Ó ní kò wo ojú òun.

Mo yí ojú sí Ìyá Àgbà. Mo rò pé yóò bínú, nítorí pé obìnrin tó máa ń bínú bí wọ́n bá fọwọ́ kan òwú rẹ̀ láìrà ni. Ó kàn ń wo ọwọ́ ọmọ náà.

Lọ́jọ́ karùn-ún, lọ́sàn-án, Zulaihat ní kí n bá òun gbé ọmọ dání kí òun fi wẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí itan mi. Awò Àǹtí Tèmítọ́pẹ́ wà lọ́rùn mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi àwọn ọ̀kùn dé. Mo fi wo ìka kékeré náà. Ọ̀já ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so ó mọ́ ọwọ́, ó rọ̀, kò dà bí ẹni pé eegun wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà di ìka mi mú. Mo gbé ọwọ́ òsì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí n lè fi wéra, bí mo ṣe máa ń fi ọ̀kùn kan wé èkejì.

Níbi tí ìka rẹ̀ kékeré náà wà, nǹkan kan wà lọ́wọ́ tèmi náà.

Àmì kékeré ni, ó le bí hóró bàbà. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìyá Àgbà ní epo àkàrà ló ta sí mi lọ́wọ́ nígbà tí mo ń rákò. Mo gbé awò lé e. Mo ti rí ojú iná rí, lọ́wọ́ bàbá mi, ojú iná máa ń tẹ́ ni, ó sì máa ń dán. Èyí yọ sókè, ó sì yípo roboto, bí ibi tí ewé ti já kúrò lára ẹ̀ka.

Nígbà tí Zulaihat jáde láti balùwẹ̀, n kò jẹ́ kó nu ara tán, mo ní kó fún mi ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ojú kan náà gan-an. Mo bi í ohun tó ṣe é níbẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Ìyá Àgbà ní mo fọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún kan. Kí ló dé?"

Mo gbé ọmọ fún un, mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Ó ń jó irin lọ́wọ́. Mo dúró títí ó fi pa iná rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú àwọn oníbàárà. Ojú iná kún ọwọ́ náà bí ìràwọ̀, n kò lè mọ èyí tí mo ń wá lójú lásán. Pẹ̀lú awò, mo rí i. Gbogbo èyí tó kù tẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo yọ sókè.

Ó ní ṣé orí mi pé. Mo sáré padà sílé. Ohun tí mo rí lójú mi ni ìwé àjákọ yẹn, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó lẹ́wà: mo ti kó wọn dànù.

Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wíwú lórí tìmùtìmù. Mo jókòó níwájú rẹ̀, mo fi ọwọ́ mi hàn án. Ó wò ó, ó wá wo ojú mi, ó sì mọ̀.

Ó ní kí n ṣí àpótí òwú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Láti kékeré mi ni mo ti mọ òwú dúdú kan tó wà nínú àpótí yẹn, tí a ká mọ́ igi pẹlẹbẹ. Bí òwú dúdú bá tán lọ́jà, a kì í fọwọ́ kan ìyẹn. Ó ní kí n wo iye tó kù.

"Ìka mẹ́rin ni mo fi so," ló wí. "Bàbá yín, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Kàdúná, Zulaihat, ìwọ. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bá bí yín ni. Á dúdú, á gbẹ, á já bọ́ pẹ̀lú ìwọ́. Ẹ kò mọ̀ ọ́n lára."

"Ìyá tó bí wa mọ̀?"

"Kò sí ẹni tó mọ̀. Èmi ni mo ń wẹ ọmọ."

Mo bi í pé kí ló dé. Ó na ọwọ́ òsì tirẹ̀ sí mi. Èmi tí mo ti ń jẹun pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún, n kò wo ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ yẹn rí. Àpá tirẹ̀ kò rí roboto, ó gùn, ó sì wọ́. Ó ní àwọn ọmọ àdúgbò Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ń pe òun ní Alákàn nígbà tí òun wà lọ́mọdé, wọ́n ń rìn bí alákàn lẹ́yìn òun dé ẹnu odò. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni òun nígbà tí òun fi òwú so ó fúnra òun lẹ́yìn ilé. Ó ní ìka ti òun ní eegun.

Mo di ọwọ́ náà mú.

Ó ní lọ́jọ́ náà ni òun ti búra pé ọmọ òun kankan kò ní jẹ́ Alákàn. Mo ní Ìyá Àgbà, wọn kò pe Zulaihat ní Alákàn o, alágbèrè ni wọ́n pè é. Mo ní bí ẹ kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ keje, èmi á sọ ọ́. Ó ní gbogbo Ọjà'ba ló ń pe òun ní Àlàájà, kí ni wọ́n máa pe òun lẹ́yìn èyí, ẹni tó ń já ìka ọmọ? Mo jáde. Ọjọ́ méjì ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láàárín wa rí.

Lọ́jọ́ keje, Ìyá Àkíbù dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Àkíbù jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Bàbá mi kí wọn káàbọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé nílé tiwa kò sí irú rẹ̀. Mo ṣí ẹnu. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́kàn mi látàárọ̀, ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ̀kan, Ìyá Àgbà yíjú sí bàbá mi, ó ní:

"Misbaudeen, dákẹ́. Irọ́ lò ń pa, o kò sì mọ̀ pé irọ́ ni."

Ó ní kí n bọ́ awò lọ́rùn kí n gbé e fún àna wa. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ síwájú lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní kí bàbá mi na tirẹ̀. Èmi àti Zulaihat na tiwa. Ọwọ́ òsì mẹ́rin lórí ìtẹ́lẹ̀, ti ọmọ náà sì ṣe ìkarùn-ún. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi nǹkan kan pamọ́, pẹ̀lú ti alákàn, pẹ̀lú ti ẹ̀yìn ilé. Ìyá Àkíbù ń gbé awò láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tó dé ti Ìyá Àgbà, ó gbé e sílẹ̀, kò wò ó mọ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò pa ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá, èmi náà?"

"Ìwọ ni àkọ́kọ́," ni ó dá a lóhùn.

Ìyá Àkíbù kúnlẹ̀ fún Zulaihat. Àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀, mi ò rí i rí. Àkíbù náà dìde, ó fẹ́ gba ọmọ. Zulaihat kò gbé e fún un. Ó ní ó lè wá sọ ọ́ lórúkọ lọ́la, baba rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun kò ní padà sí Oníyanrìn kí ogójì ọjọ́ tó pé, lẹ́yìn náà òun á rò ó.

"Àpótí yẹn," ló wí fún un. "Ìwọ lo gbé e."

Àkíbù jókòó padà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, àna wa ní ó dára, ṣùgbọ́n kí Ìyá Àgbà jọ̀ọ́ bá àwọn fi òwú so ìka náà báyìí, kí àwọn àlejò má baà rí i lọ́la. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, kò sí ibi lọ́kàn rẹ̀. Ìyá Àgbà ti mú òwú dúdú náà lọ́wọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó na án sí Zulaihat, ó ní ọmọ rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi yí òwú náà sókè sódò. Ó sọ ọ́ sí mi lórí ẹsẹ̀.

"Bá mi kó o mọ́ ọjà."

Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ wà níta, àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n sì tún jẹun. Àwọn kan sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Ìyá Àgbà kò lọ sọ́jà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní ẹsẹ̀ ni. Èmi náà, títí di òní, bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, mo máa ń rí i pé ìka mi ti lọ síbi àmì yẹn, ó ń wá ohun tó ti wà níbẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, télọ̀ kan dúró níwájú ìsọ̀ wa, ó ń wá òwú dúdú tí yóò fi rán ṣòkòtò. Ó tú gbogbo tuntun tí a kó ní ọjà Gbági wò, kò wù ú. Ó rí ti ara igi pẹlẹbẹ náà. Ó fà á yọ díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á le, kò já. Ó bi mí pé níbo ni a ti rí irú rẹ̀, pé wọn kì í ṣe é báyìí mọ́.

Mo ní ó ti pẹ́ nílé. Mo wé e fún un.